«Aláìtán» tàbí «ahùpadà»: kí ni ká pe "renewable"?

Ẹ̀yin ará,

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta la ti dábàá fún kẹ́míkà tí àwọn iléeṣẹ́ ń fi ewéko ṣe: «ajewéko» fún "plant-based", «aláìtán» fún "renewable", «aláìléèédú» fún "low-carbon". Ẹ má bínú, n kò gba ìkankan.

Ajewéko, ewúrẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa wí pé «atewékowá».

Aláìléèédú tún burú jù ú lọ. Kábọ́ọ̀nù, èròjà inú èédú, ni òpó tó gbé òróró, ọtí àti ọṣẹ ró. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kò ku nǹkan kan. Èyí tó ń tú sínú afẹ́fẹ́ nígbà tí a bá ń ṣe ọjà là ń bá wí. «Atukábọ́ọ̀nù-díẹ̀» gùn lẹ́nu, àmọ́ kò purọ́. Àwọn tó fẹ́ ká lo «èéfín» ńkọ́? Gáàsì kábọ́ọ̀nù (CO2) tí à ń wí kì í ṣú. Lórí ìṣirò, bí ìwúkàrà bá sọ 180 gíráàmù glúkóòsì di ọtí ẹtanọ́ọ̀lù, 92 gíráàmù lọtí, 88 gíráàmù yòókù á hó lọ, ojú kò ní rí i.

«Aláìtán» ló le jù. Oòrùn lọ̀rọ̀ yẹn yẹ. Àdín ń tán; igi rẹ̀ ló ń tún so. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá «ahùpadà». Ẹ wo SLES, kẹ́míkà tó ń mú ọṣẹ ìfọrun hó: kábọ́ọ̀nù 12 wá láti inú àdín, wọ́n wá so ẹyọ ethylene oxide (kẹ́míkà kékeré kan) 3 mọ́ ọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kábọ́ọ̀nù 2. Epo rọ̀bì tàbí gáàsì abẹ́lẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń ṣe ethylene oxide náà. 12 nínú 18: ìdá méjì nínú mẹ́ta ló hù padà. Kí gbogbo rẹ̀ tó lè hù padà, ẹtanọ́ọ̀lù ni ká gbé gba orí alumina gbígbóná (ohun líle tó ń mú ìyípadà náà yá) kí omi yọ lára rẹ̀, kó di gáàsì ethylene, ká tó sọ ọ́ di ethylene oxide.

Ìdáhùn:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo gba ahùpadà, bí a bá ń kọ ìdá rẹ̀ tì í: «ahùpadà 67%». Ó ṣeé wọ̀n. Kábọ́ọ̀nù-14, irú kábọ́ọ̀nù kan tó ń ṣá díẹ̀díẹ̀, wà lára ewéko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ti inú epo rọ̀bì ti ṣá tán, torí epo náà ti pẹ́ gan-an lábẹ́ ilẹ̀, ìdajì kábọ́ọ̀nù-14 sì ń lọ ní gbogbo ọdún 5,730.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó gba ipò atukábọ́ọ̀nù-díẹ̀. Kí àdín tó di fatty alcohol, èyí tí wọ́n fi ń ṣe SLES (ẹ má pè é ní ọtí ọ̀rá o, ẹnì kan á mu ún), háídrójìn ni wọ́n ń fún un. Bó bá jẹ́ gáàsì abẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, kílò háídrójìn 1 á ti tú tó kílò 9 gáàsì kábọ́ọ̀nù. Kábọ́ọ̀nù yẹn kò wọnú ọjà, ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù-14 kò sì lè rí i. Ọjà á jẹ́ ahùpadà 100%, á sì tún jẹ́ atukábọ́ọ̀nù-púpọ̀.

Ó tún ku «ajẹrà» fún "biodegradable": ahùpadà kọ́ nìyẹn. Àpò náílọ́ọ̀nù (polyethylene) tí wọ́n fi ọtí ìrèké ṣe hù padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rì í mọ́lẹ̀, bí ti epo rọ̀bì ló ṣe máa wà níbẹ̀.