Rediétọ̀ méjì ni mo rà kí Mustang 1966 mi tó fara balẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà torí ìbéèrè pé rediétọ̀ wo (ohun tó ń mú omi ẹ́ńjìnnì tutù) ló yẹ kéèyàn rà tó bá gbé ẹ́ńjìnnì tó lágbára sí mọ́tò àtijọ́ ò tán nílẹ̀. Onísílíńdà mẹ́fà ni mọ́tò mi látìbẹ̀rẹ̀, 200 cubic inch, 120 horsepower, rediétọ̀ kékeré kan ló wà níwájú ẹ̀ tí kò sì yọ mí lẹ́nu rí. Ìgbà tó yá mo gbé ẹ́ńjìnnì V8 5.0 onísílíńdà mẹ́jọ sí i, irú èyí tó wà nínú Mustang 1987 sí 1992, 225 horsepower. Nínú ooru epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń bọ́ sínú omi, torí náà tí agbára bá ti ń lọ sí ìlọ́po méjì tí èèyàn sì ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa, rediétọ̀ àtijọ́ ò lè gbé e, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú.

Ibi tí mo ti ṣìnà ni pé mo rò pé bó bá ṣe nípọn tó ni yóò ṣe tutù tó. Mo ra oníbàbà tí páìpù inú ẹ̀ tò ní ìlà mẹ́rin, ó wúwo, ó rí gìrìwò, inú mi dùn. Mo wa mọ́tò jáde, lójú títì tó já gaara géèjì dúró jẹ́ẹ́, àfìgbà tí mo bọ́ sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé 110 degree Celsius, mo sáré pa ẹ́ńjìnnì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì jókòó sẹ́bàá ọ̀nà bíi wákàtí kan. Àyà mi já gan-an, ẹ́ńjìnnì tí mo fi ọ̀pọ̀ oṣù tò!

Ṣé ẹ rí i, tí mọ́tò bá ń sáré, afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀ á gba inú rediétọ̀ kọjá, fáànù ò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́. Tó bá dúró, fáànù nìkan ló kù, tèmi sì jìnnà sí rediétọ̀, kò sí shroud, ìyẹn àpótí tó máa ń yí fáànù ká, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń fa afẹ́fẹ́ dípò kó fà á gba inú rediétọ̀. Bí rediétọ̀ sì ṣe nípọn yẹn, ṣe ló túbọ̀ le fún un láti fà á.

Alumíníọ́mù ni mo rà lẹ́ẹ̀kejì. Òótọ́ ni pé bàbà ń gbé ooru jù ú lọ, àmọ́ páìpù inú àwọn àtijọ́ tín-ín-rín, bí ìdajì inch, òjé ni wọ́n sì fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí i ká. Ti alumíníọ́mù lè fẹ̀ tó inch kan, torí náà ìlà méjì péré ti tó, kò sì nípọn débi tí fáànù ò ní rí i fà. Mo fi shroud sí i, mo jẹ́ kí ìdajì abẹ́ fáànù wà nínú ẹ̀ kí ìdajì wà níta. Thermostat 82, èyí tó ń ṣí fún omi tó bá gbóná dé 82, ni mo lò, mo sì ti dúró nínú gosiló láti ìgbà yẹn tí kò kọjá 92.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wo wọ́tà pọ́ǹpù kẹ́ ẹ tó sanwó rediétọ̀ o. Pọ́ǹpù tó bá 5.0 yẹn wá, bẹ́líìtì pẹlẹbẹ ló ń yí i, òdìkejì bí àwọn ti àtijọ́ ṣe ń yí ló sì ń yí, bàbá mẹkáníìkì kan ló dá mi dúró nígbà tí mo fẹ́ fi bẹ́líìtì V sí i, kò bá má fa omi dáadáa rárá. Pọ́ǹpù irú V8 Ford yìí tí wọ́n ń lò títí di 1969, ọ̀dọ̀ èrò ni ẹnu hóòsì ìsàlẹ̀ ẹ̀ kọjú sí, láti 1970 ọ̀dọ̀ awakọ̀ ni. Ibi tí ti pọ́ǹpù yín bá wà ni kí ti rediétọ̀ yín wà.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Tèmi yí padà ni, MGB, mọ́tò kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí mo gbé ẹ́ńjìnnì V8 Rover 3.5 sí, tí mo bá dúró kò ní nǹkan kan, tí mo bá sáré ló ń gbóná. Mo pààrọ̀ rediétọ̀ sí ńlá, pàbó! Ọjọ́ kan ni mo ní kí àbúrò mi tẹ tíróótù kí n máa wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, àṣé hóòsì ìsàlẹ̀ ló ń fún pọ̀ tí pọ́ǹpù bá ń fà á kíkankíkan, omi ò rọ́nà gbà. Mo ra èyí tó ní sípíríǹgì nínú, ó tán. Mo tún dí gbogbo àlàfo ẹ̀gbẹ́ rediétọ̀ torí afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ sá lọ. Kẹ́ ẹ má sì kàn fi ìdérí 15 psi, èyí tó ń tẹ omi mọ́lẹ̀, sórí rediétọ̀ àtijọ́ nítorí pé omi ò ní tètè hó, ti èmi ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ ló bẹ́.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra alumíníọ́mù, iná mànàmáná tó bá gba inú omi ẹ̀ lè jẹ ẹ́ o. Ọdún kan péré ni tèmi lò kó tó ń jò. Mo ki ẹnu míítà kan bọ inú omi rediétọ̀ láìjẹ́ kó kan irin, mo fi èkejì sí négétíìfù bátìrì, 0.4 volt, bẹ́ẹ̀ 0.1 kò yẹ kó kọjá. Wáyà áàsì fáànù oníná ni wọ́n so mọ́ ibi tí rediétọ̀ jókòó lé. Mo gbé wáyà yẹn lọ sórí bátìrì, mo fi rọ́bà sábẹ́ rediétọ̀ tuntun, mo fọ omi àtijọ́ dànù, ó wá ń ka 0.03 báyìí.