Kí ló gbé “o” inú “ohùn” lọ?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àríyànjiyàn. Àbúrò wa ní ká máa pe gbogbo pedal tí olórin ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti dárà sí ohùn lójú agbo ní “ayíhùnpadà”. Ó ṣeun. Ṣùgbọ́n kí ló gbé “o” lọ? Ta ló ń pe tẹlifíṣọ̀n ní “amúhùnmáwòrán”? “Ayóhùnpadà” ni kó kọ. (Mo mọ̀ pé “dáhùn” ti wà lẹ́nu ẹnì kan báyìí. Ìjà ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

“Padà” yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Delay, ọ̀kan nínú àwọn pedal yẹn, kì í yí ohùn padà. Ohun tó gbọ́ náà ló ń tún wí, bóyá lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Reverb, èkejì rẹ̀, ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, tí ìró ń gun ara wọn. Ẹni tó bá ti ké sí òkè Ìdànrè rí ti gbọ́ ọ, àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ lórúkọ: gbohùngbohùn.

Èyí tó ń yí ohùn padà ni pedal tó ń fipá fa ohùn sórí nóòtì, iṣẹ́ tí Auto-Tune ti ilé-iṣẹ́ Antares gbé dé ní 1997. Tí wọ́n bá yí i dé góńgó, ohùn ò ní yọ́ mọ́, fífò ni yóò máa fò láti orí nóòtì kan sí òmíràn. Ẹ wáá fi ki oríkì! Ohùn òkè inú “ìwé” kì í déédéé bẹ̀rẹ̀ lókè, ó ń gùn bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ni. Onígángan mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi ń fún ọsán ìlù rẹ̀. Mo ti pẹ́ nídìí míkísà, mo sì ti rí akéwì tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin lórí ẹ̀rọ yìí, tí àwọn àgbà iwájú ń bi ara wọn pé kí ló wí.

Ẹ̀gbọ́n kan ní inú àpótí kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, irú pedal VE-20 ti ilé-iṣẹ́ Boss, nítorí náà kórúkọ jẹ́ ọ̀kan. Bí ata àti iyọ̀ bá wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan, orúkọ kan là ń pè wọ́n?

Tèmi: “gbohùngbohùn àfẹsẹ̀tẹ̀” fún delay àti reverb, “ayóhùnpadà” fún afipáfà yẹn nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé sípíkà ti gba orúkọ gbohùngbohùn, ta ló fún un? Ẹni tí kò bá gbà, kó sọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pe èyí tí àpáta ń ṣe.