Ẹ̀dá ìtàn wo lẹ rò pé ìwé tirẹ̀ tọ́ sí?

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá ìtàn tí òǹkọ̀wé kàn ní kí wọ́n wá ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n jíṣẹ́, kí wọ́n sì máa lọ. Kí kálukú sọ èyí tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Tèmi ni Grace Poole, inú Jane Eyre tí Charlotte Brontë kọ ní 1847. Ọ̀gbẹ́ni Rochester, ọ̀gá tí Jane ń bá kọ́ ọmọ nílé rẹ̀, ti ìyàwó rẹ̀, Bertha, tí ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú, mọ́ òkè ilé, ó sì gba Grace pé kó máa ṣọ́ ọ. Bertha ti rí tirẹ̀ gbà: Jean Rhys kọ Wide Sargasso Sea fún un ní 1966. Ẹni tó ń jókòó tì í tọ̀sán-tòru ńkọ́?

Owó ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n fojú sí i lára. Jane fetí kọ́ àwọn ìránṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: owó Leah, ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ náà, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ti Grace, bí oṣù mẹ́ta bá sì ti pé, ó di báńkì ní Millcote. Wọ́n ní ohun tó ti kó jọ lè gbọ́ bùkátà rẹ̀ bó bá fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Kí ló dé tí kò lọ? Ó tún máa ń mutí; bí ọtí bá gbé e sùn, Bertha á yọ kọ́kọ́rọ́ lápò rẹ̀.

Ibi tó mú mi jù ni òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí iná fẹ́rẹ̀ẹ́ jó Rochester mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Jane wọ yàrá, ó bá Grace níjòókòó, ó ń rán òrùka mọ́ kọ́tìnnì tuntun, jẹ́ẹ́. Jane gbà pé Grace ló dáná náà. Grace ń fọgbọ́n wádìí ohun tí Jane gbọ́ lóru, ó wá gbà á nímọ̀ràn pé kó máa há ilẹ̀kùn rẹ̀ kó tó sùn. Ìgbà tí mo tún un kà, tí mo ti mọ ẹni tó wà lókè, orí mi wú. Obìnrin yìí mọ gbogbo ẹ̀, ó ń gba ọmọ ọlọ́mọ là, ọmọ náà sì ń wò ó bí apààyàn.

* * *

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀gbọ́n. Chielo ni tèmi, inú Things Fall Apart (Achebe, 1958). Lójoojúmọ́, opó ọlọ́mọ méjì ni, òun àti Ekwefi jọ ń tajà lábẹ́ àtíbàbà kan náà, ọmọ mi ló sì máa ń pe Ezinma, ọmọ Ekwefi. Àmọ́ bí Agbala, òrìṣà tó jẹ́ àwòrò rẹ̀, bá ti gùn ún, kò mọ ọ̀rẹ́ mọ́. Lóru ọjọ́ tó pọn Ezinma lọ sínú ihò, tí ìyá ọmọ ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn nínú òkùnkùn, ó gbé ọmọ padà wá, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ láìsọ nǹkan kan. Mo pa ìwé dé níbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Báwo ni àwọn méjèèjì ṣe kí ara wọn lọ́jà lẹ́yìn ìyẹn?

* * *

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ Fágúnwà. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), Àkàrà-ògùn ń kó àwọn akíkanjú jọ fún ìrìn àjò Òkè Láńgbòdó, ó wá kan Kàkó. Obìnrin Kàkó dì mọ́ ọn pé kò ní lọ. Kàkó pa á, ó sì bá wọn lọ. Ìtàn ń bá eré rẹ̀ lọ, ó fi obìnrin náà sẹ́yìn.

Nígbà tí a kà á níléèwé, tíṣà ní ká kọ àròkọ lórí ìgboyà Kàkó. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé tirẹ̀ sí obìnrin yẹn lẹ́nu. Ó ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà tó ti gbọ́ gbogbo ohun tí Àkàrà-ògùn wá sọ, ó sì ti mọ̀ pé ọkọ òun ò ní kọ̀. Ohun tó ń wá ò ju kí ọkọ rẹ̀ sọ pé ó dun òun láti lọ. Tíṣà fi bírò pupa kọ ọ́ sí i pé kò dáhùn ìbéèrè. Èmi gba máàkì gidi, mi ò sì rántí ọ̀rọ̀ kan nínú tèmi. (Ti Olóhùn-iyọ̀, akíkanjú mìíràn nínú wọn, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Arẹwà tó mọ orin kọ, tó mọ ìlù lù, kí la tún fẹ́ wádìí lára rẹ̀?)

* * *

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ rọra o. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dùn mọ́ wa ló yẹ ká fún ní ìwé. Ẹ wo Falstaff nínú Henry IV, eré Shakespeare: ọ̀mùtí, òpùrọ́, ojo, síbẹ̀ kò sí wàhálà tí kì í fẹnu yọ ara rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Ọbabìnrin Elizabeth ló ní òun fẹ́ rí i níbi tó ti kó sínú ìfẹ́, tí Shakespeare fi kọ The Merry Wives of Windsor. Mo lọ wo eré náà tayọ̀tayọ̀. Falstaff kan náà ni wọ́n kì sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí, tí wọ́n lọ dà sódò. A rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tí mo wá wò. Ọmọ ọba tó ń bá a rìn kò sí níbẹ̀ mọ́, èyí tí gbogbo wa mọ̀ pé yóò kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tó bá gorí ìtẹ́. Ìyẹn ló ń dáni lára nínú ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí òǹkọ̀wé bá fi nǹkan pamọ́ nípa rẹ̀ ni kí wọ́n kọ ìwé fún. Ẹni tí a kàn fẹ́ràn, ẹ jẹ́ kó dúró sáyè rẹ̀.

* * *

Mo gbọ́ yín, bàbá, mo sì fara mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí James tí Percival Everett kọ ní 2024 fi yọrí, tó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2025. Jim ni, ẹrú tó bá Huckleberry Finn wa ọkọ̀ lórí omi nínú ìwé Mark Twain. Everett ní àwọn ẹrú ní èdè tí wọ́n ń bá ara wọn sọ, ó já gaara. Wọ́n á wá mọ̀ọ́mọ̀ máa wó o bí òyìnbó bá wà nítòsí. Jim ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe máa wó o, kí wọ́n má bàa kó sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì há mi lọ́fun. Nígbà tí mo padà sínú ti Twain, gbogbo ibi tí Jim ti ń ṣe bí aláìmọ̀kan ni mo ti ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀.

* * *

Ẹ ò tíì dé ilé Odysseus, nínú Odyssey ti Homer. Ìránṣẹ́bìnrin méjìlá ni wọ́n so kọ́ níbẹ̀, pé wọ́n bá àwọn tó ń dẹnu kọ Penelope, ìyàwó Odysseus, lò pọ̀. Kí wọ́n tó so wọ́n kọ́, àwọn ni wọ́n ní kó gbé òkú àwọn ọkùnrin náà tí Odysseus pa jáde, kí wọ́n fi omi àti kànìnkànìn fọ tábìlì. Margaret Atwood jẹ́ kí wọ́n kọrin nínú The Penelopiad (2005), àmọ́ Penelope ṣì ni olú ẹ̀dá ìtàn. Èmi ń kọ ti ẹnì kan nínú wọn lọ́wọ́, láti orí tábìlì yẹn. Tó bá jọ nǹkan, màá gbé e wá kẹ́ ẹ bá mi kà á. Ẹ má fi bírò pupa kọ nǹkan sí i o.