Omi bọ́ílà kán sí bọ́ọ̀dù iná rẹ̀: ṣé ká tún un ṣe ni àbí ká ra tuntun?

Ẹ kú ìnáwó òtútù o, ẹ̀yin ará wa tó wà nílùú ọba. Ìmọ̀ràn ni mò ń wá.

Combi boiler (bọ́ílà tó ń se omi, tó sì tún ń mú ilé gbóná) tó wà ní kíṣìnnì wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ń jò. Gééjì tó ń fi agbára omi inú rẹ̀ hàn, tó yẹ kó dúró láàárín 1 sí 1.5 bar, ti já sí 0.4, bí mo bá fi omi kún un lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́, á ti wálẹ̀. Nígbà tó yá, gbogbo ìgbà tá a bá tan bọ́ílà yìí ni iná ilé ń já. A ti pa á báyìí.

Ẹni tó wá wò ó ní káàdì Gas Safe, ìyẹn àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ gáàsì (mo yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò, nítorí gbájúẹ̀ ò lópin). Ó ní rọ́bà diverter valve (fáàfù tó ń darí omi gbígbóná) ló ti jẹ, ibẹ̀ lomi ń gbà kán sórí PCB, ìyẹn bọ́ọ̀dù iná yẹn. Ó ṣí i hàn mí: ìdí àwọn wáyà ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Ó ní £480 ni àtúnṣe, bẹ́ẹ̀ bọ́ílà náà ti pé ọdún 11.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní ká fi ẹ̀rọ ìfẹ́run fẹ́ PCB yẹn kó gbẹ. Èmi ò gbà, torí ìpẹtà kì í bá omi lọ. Àbí ẹnikẹ́ni ti ṣe é rí?

Ṣé inṣọ́ránsì ilé máa ń san irú èyí, àbí wọ́n á ní ogbó ló ṣe é? Ẹ tètè dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé, kẹ́tù la fi ń se omi ìwẹ̀ wọn.