Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí díìsìkì Ben-Hur: mo ti rí ìdáhùn

Ẹ kú ìdúró o, láti Adó-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Mo ti béèrè bóyá ó yẹ kí ẹni tó ní fíìmù Ben-Hur ti ọdún 1959 lórí kásẹ́ẹ̀tì tún náwó sórí Blu-ray rẹ̀, ìyẹn díìsìkì tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, àti ohun tó fa ìlà dúdú tó nípọn lókè àti nísàlẹ̀ àwòrán náà. Ó yẹ gidigidi.

Fíìmù oní-mìlímítà 65 ni wọ́n fi yà á, fífẹ̀ àwòrán rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po 2.76 gíga rẹ̀ (2.76 sí 1), nítorí náà, kí ó lè bá tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ mu, wọ́n gé ọ̀pọ̀ lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò lórí kásẹ́ẹ̀tì mi. Ìlà dúdú yẹn ló fi hàn pé àwòrán náà pé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fẹ àwòrán náà láti lé ìlà náà lọ. Níbi ìje kẹ̀kẹ́ ẹṣin, níbi tí ẹṣin mẹ́rin mẹ́rin ti ń fa kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, a rí eruku, a rí ìjánu, a sì rí àwọn èrò tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, èyí tí kásẹ́ẹ̀tì kò fi hàn wá rí. Bàbá mi, tí wọ́n ti wò ó nígbà èwe wọn, ní kí a dá a padà kí àwọn tún un wò.

Fíìmù Lawrence of Arabia (1962), tí wọ́n tún àwòrán rẹ̀ ṣe ní 4K (ìwọ̀n àwòrán tó mọ́ kedere gan-an), tí Blu-ray rẹ̀ sì jáde ní 2012, ló kàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ní kí n kọ́kọ́ yẹ ètò tẹlifíṣọ̀n mi wò. Mo ti pa ìbéèrè náà dé.