Mo fẹ́ ra ilé lọ́wọ́ onílé fúnra rẹ̀ ní Apáta, láìsí ejẹ́ńtì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tíṣà Apáta
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ilé oníyàrá mẹ́ta kan wà ládùúgbò wa níbí, n'Ìbàdàn. Bàbá tó kọ́ ọ ti dolóògbé. Dáwódù rẹ̀ ló wá bá mi pé àwọn fẹ́ tà á, pé ká má jẹ́ kí ejẹ́ńtì gbọ́ sí i kí owó má baà ga. Ó fi sọ́fè, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ tó fi ààlà rẹ̀ hàn, hàn mí, ó fi rìsíìtì ilẹ̀ tí bàbá wọn gbà hàn mí, ó ní wọn ò ní C of O, ìwé ẹ̀rí tí ìjọba ń fún onílẹ̀. Owó tí mo ń kó jọ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo fẹ́ fi rà á, n ò ní òmíràn. Kí ni kí n ṣe kí n tó san kọ́bọ̀?

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà
Ẹ kú ìmúra, sà. Tèmi ni pé ẹ fi ọ̀rọ̀ ejẹ́ńtì sílẹ̀ ná. Ìyàwó mélòó ni bàbá yẹn fẹ́? Ọmọ mélòó ló bí, níbo sì ni wọ́n wà? Tí bàbá ò bá ṣe ìwé ìhágún kó tó kú, ilé ẹbí lẹ fẹ́ rà yẹn. Dáwódù ń bójú tó o ni, òun nìkan kọ́ ló ni ín. Ọmọ kan lè wà ní Kánádà tí kò tíì gbọ́ rárá pé wọ́n ń ta ilé bàbá òun. Ẹ béèrè gbogbo wọn lórúkọ.

Lọ́yà Agodi
Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni Ìyá Ìbejì fọwọ́ bà. Tí olórí ẹbí bá dá tà láìjẹ́ kí àwọn aṣojú ẹbí yòókù mọ̀, wọ́n lè gba kóòtù lọ kí wọ́n fagi lé e. Tó bá wá jẹ́ pé àwọn ọmọ ló tà, tí olórí ẹbí ò lọ́wọ́ sí i, lójú òfin, ẹnikẹ́ni ò ta nǹkan kan.

Ìdí-igi ni àṣà wa fi ń pín ogún tí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ: ìyàwó kọ̀ọ̀kan àti ọmọ rẹ̀ ni ìdí kan, ìpín kan sì ni ìdí kọ̀ọ̀kan ń gbà. Wọ́n jà á dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa nígbà náà, ní London nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ní 1962. Ọmọ mẹ́sàn-án ni olóògbé fi sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n sì ní kí wọ́n pín in sí. Fún ìdí èyí, tí ìyàwó bá jẹ́ méjì, ẹ gbọ́dọ̀ rí ẹni tó ń ṣojú ìdí kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ní kí wọ́n lọ gba Letter of Administration, ìwé tó ń fún àwọn kan láṣẹ lórí ohun ìní olóògbé, ní kóòtù gíga. Àwọn tí orúkọ wọn bá wà nínú rẹ̀ ni kó fọwọ́ sí ìwé títà, kí àwọn aṣojú ẹbí yòókù sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn fara mọ́ ọn. Àìsí C of O nìkan kò ní kí ẹ má rà á. Ṣùgbọ́n rìsíìtì kò tó. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà tiyín, kì í ṣe tiwọn, kọ Deed of Assignment, ìwé tó gbé ilé kúrò lọ́wọ́ wọn sọ́wọ́ yín, kí ẹ sì wá ìfọwọ́sí gómìnà lé e, torí ohun tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 béèrè ní abala 22 nìyẹn.

Awọnlẹ̀
Ẹ gba ẹ̀dà sọ́fè yẹn, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Sẹkitéríàtì, Agodi. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹni tó ń wọn ilẹ̀ dání lọ sórí ilẹ̀, kó wo nọ́ńbà tó wà lára òkúta ààlà bóyá ó bá ti inú ìwé mu. Mo ti rí ibi tí ìwé jẹ́ ojúlówó, tó jẹ́ pé ilẹ̀ ẹlòmíràn ló ń sọ nípa rẹ̀.

Ẹ tún wo bí ilé ṣe jìnnà sí Odò Ọ̀nà tó. A ò tíì gbàgbé omíyalé 26 Oṣù Kẹjọ 2011. Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ wo ògiri nísàlẹ̀.

Ará Ìyànà Ìpájà
L'Ékòó níbí, ẹ óò máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń gbé inú ilé tàbí ìbátan kan ló ti gbìyànjú láti tà á lẹ́yìn onílé. Èmi ò ta ko kí ẹ má lo ejẹ́ńtì o, ìdá 5 tàbí 10 nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ bá fi pamọ́ kì í ṣe owó kékeré. Ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún lọ́yà àti awọnlẹ̀. Báńkì sì ni kí ẹ gbà san án, kì í ṣe owó inú àpò.

Tíṣà Apáta
Ẹ ṣeun, ẹ ò ní ṣì mí lọ́nà láé. Mo ti béèrè. Ìyàwó méjì ni. Ìyá kékeré ṣì wà láyé, kò kàwé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì wà ní Ìlọrin. Ayálégbé kan tún wà ní yàrá ẹ̀yìn. Dáwódù ní kí n san ìdajì ná kí àwọn fi lọ gba ìwé kóòtù.

Lọ́yà Agodi
Ẹ má san ìdajì. Tí wọn ò bá lówó tí wọn yóò fi gba Letter of Administration, ẹ lè bá wọn san owó tí kóòtù bá béèrè, lọ́wọ́ lọ́yà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé yóò kúrò lára owó ilé. Kí ọmọ Ìlọrin wá fúnra rẹ̀. Ti ìyá, kí wọ́n ka ìwé náà sí wọn létí lédè Yorùbá, kí ẹni tó kà á kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sínú ìwé, kí wọ́n tó tẹ̀ka. Tí ayálégbé bá ń san lọ́dọọdún, ìwé oṣù mẹ́fà pé kó kó jáde ni kí ẹ kà sí i, àfi tí àdéhùn wọn bá sọ òmíràn. Ẹ bá wọn sọ ọ́ báyìí, kí ó wọnú iye tí ẹ fẹ́ san.