Líle ni, kì í ṣe gbígbẹ (lílé sì tún yàtọ̀)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Mo rí àkọlé tí arákùnrin wa fi ránṣẹ́ lánàá: "Ìwòṣùmàrè Gbígbẹ Ẹfun". Iṣẹ́ tó ń túmọ̀ dá lórí bí wọ́n ṣe ń fi ìtànṣán wo ẹfun ("lime" lédè Gẹ̀ẹ́sì) tí a fi mọlé tàbí tí a fi rẹ́ ògiri, láti mọ bó ṣe ń le bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́; fífi ìtànṣán wo nǹkan báyìí (spectroscopy) ló pè ní "ìwòṣùmàrè". Ó kú akitiyan. Ṣùgbọ́n "gbígbẹ" yẹn há mi lọ́fun; "líle" ló yẹ kó jẹ́.

Amọ̀ ló ń gbẹ. Bí amọ̀ bá gbẹ, tí ẹ da omi lé e, á padà di ẹrẹ̀, torí omi nìkan ló jáde lára rẹ̀. Ẹfun kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sun òkúta ẹfun ní nǹkan bí 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ carbon dioxide á jáde lára rẹ̀, nǹkan bí 44 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ á sì bá a lọ. Ẹ bomi pa á, á hó, á di lẹ́búlẹ́bú funfun tàbí ẹrẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń wá afẹ́fẹ́ tó pàdánù yẹn kiri, bó sì ṣe ń rí i gbà padà ló ń di òkúta. Ẹfun tí a bomi pa, tó wúwo tó 74, á di òkúta tó wúwo tó 100. Ṣé ohun tó ń gbẹ máa ń wúwo sí i ni?

Ẹ tún wò ó: afẹ́fẹ́ yẹn ò lè bá ẹfun ṣe pọ̀ dáadáa láìsí omi tí yóò yọ́ sí. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń ta aṣọ tútù bo ẹfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Èyí tó bá yára gbẹ jù kì í le, ńṣe ló ń rún. Ọ̀tá rẹ̀ gan-an lẹ fẹ́ fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹfun náà fúnra rẹ̀ ti dá ẹjọ́ yìí. Bí a bá tan ìtànṣán infrared (èyí tí ojú kò lè rí) sí ẹfun, omi lásán á gbé òkè fífẹ̀ kan jáde lórí àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà, níbi ìgbì 3400 nínú sẹ̀ǹtímítà kan. Ìyẹn lè tètè wálẹ̀. Òkè ṣóńṣó tó wà ní 3640, ti ẹfun tí a bomi pa, lè má mira rárá. Ó dìgbà tí òun bá ń fà sẹ́yìn, tí ti òkúta sì ń yọrí ní 1420, 875 àti 712, ká tó lè ní ẹfun ń le. Nǹkan méjì tí ẹ̀rọ yà sọ́tọ̀, àwa wá ń so wọ́n pọ̀.

Àǹtí wa tó ní ká lo "dídì" sún mọ́ ọn díẹ̀. Ìyá mi àgbà máa ń ní òróró dì, ẹ̀jẹ̀ dì. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí pé òkúta dì. Bóyá ti wákàtí àkọ́kọ́ la lè pè bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó wá "tún un ṣe" sí "lílé ẹfun" ló pa mí lẹ́rìn-ín. Àmì kan ṣoṣo! Ẹni tó ń lé ewúrẹ́ ló ni lílé. Ta ló ń lé ẹfun, níbo ni ẹfun ń sá lọ? Wọ́n ní ọgbọ̀n ọdún làwọn fi kọ́ni lédè. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àwọn tó kọ́ èmi náà kì í fi àmì ohùn ṣeré.

Ní ti "òṣùmàrè" tó wà nínú àkọlé yẹn, ojú ló ń rí òṣùmàrè. Lọ́dún 1800, William Herschel, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, gbé ohun èlò tí a fi ń wọn ooru kọjá etí àwọ̀ pupa, níbi tí ojú ò ti rí nǹkan kan, ooru ibẹ̀ sì ju ti pupa lọ. Apá ọ̀hún, ìyẹn infrared, ni 3640 àti 712 wà. Òṣùmàrè wo ló débẹ̀? Ohun tí mo dábàá ni "ìtútànṣánwò": à ń tú ìtànṣán wò bí a ti ń tú ẹrù wò. Wọ́n ní ó gùn jù. Ẹ bá mi ka sílébù rẹ̀ àti ti "ìwòṣùmàrè": márùn-ún, márùn-ún.

Ẹnìkan tún ní ẹfun tí a fi ń kọ̀wé sí pátákó nìkan ló ń jẹ́ ẹfun. A ò tíì parí ìyẹn, ṣùgbọ́n ó sàn ju ti ẹni tó túmọ̀ "lime" sí ọsàn wẹ́wẹ́ lọ.

Orí líle ni mo wà. Ẹni tó bá fẹ́ já mi ní koro, kó mú àpẹẹrẹ wá, kó sì fi àmì sí i.